Pákó Tó Mọ́ Níwájú, Tó Jóná Lẹ́yìn

Sátidé, 8 Fẹ́búárì 2025

Pákó àkọ́kọ́ jáde lónìí. Iwájú rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pàtẹ́wọ́ fún ara mi, èmi nìkan, níwájú ẹ̀rọ lésà tó ń fi iná gé pákó. Mo wá yí i padà. Áà! Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Gbogbo ibi tí iná lésà gbà kọjá ló dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, àpá irin oníhò bí afárá oyin tí pákó náà sùn lé sì wà lára rẹ̀ kíríkírí.

Bó bá jẹ́ ara ògiri ni wọ́n máa kàn án mọ́, kí ló kàn mí? Ṣùgbọ́n ìkélé ni. Àárín ìjọ àti pẹpẹ ló máa dúró sí; ìjọ á máa wo iwájú, àwọn akọrin á máa wo ẹ̀yìn. Súnkànmí ọkọ mi ló ṣèlérí rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì kó tó kú, òun náà ló ya gbogbo ewé àti òdòdó inú rẹ̀ sórí pépà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì máa gbọ̀n. Pákó méje ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta tèmi, mẹ́ta ti Doyin, ìyàwó Lékè àbúrò ọkọ mi. Èyí tó wà láàrin, tí orúkọ Súnkànmí máa wà lára rẹ̀, èmi ni mo máa gé e. Mo ti sọ fún gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó jiyàn. Sọ́ńdè Ọ̀pẹ ni Bíṣọ́ọ̀bù máa wá yà á sí mímọ́.

Doyin gé tiẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ṣe bí ẹni ń wá ìbọ̀wọ́, mo yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó funfun bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ẹ̀rọ kan náà! Irú pákó kan náà! Ọjọ́ kan náà! Yìnyín ń bọ́ lé mi lórí níbùdókọ̀ Castle Hill ní Amẹ́ríkà níbí, n kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó tutù.

Sọ́ńdè, 9 Fẹ́búárì

Lékè gbé pákó méjèèjì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn èèyàn lè rí i. Ta ló rán an? Mercy, alága Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Ó gbé ti Doyin, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Hẹ̀ẹ́! Ta ló ni ọwọ́ yìí? Ẹ wá wò ó o, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ju iwájú ẹlòmíràn lọ!" Doyin kúnlẹ̀, ó ń sọ "Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé mà" pẹ̀lú ohùn Brooklyn rẹ̀ tí kò ní òkè, tí kò ní ìsàlẹ̀.

Mercy wá gbé tèmi. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ọlá."

Ẹ kú iṣẹ́! Ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń ru yanrìn nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Eyín nìkan ni mo fi rẹ́rìn-ín ọ̀hún.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì

Mo ṣe ohun kan lónìí tí inú mi dùn sí. Mò ń tẹ́ pákó sórí irin inú ẹ̀rọ, ibi tí wọ́n ń pè ní bẹ́ẹ̀dì, nígbà tí Doyin rọra sún mọ́ mi. "Ìyálé mi, ẹ má bínú o, bẹ́ẹ̀dì yẹn... pákó yẹn, tí ẹ bá..." Brian tó ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń lo ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà méjì tó ń gé awọ náà wà níbẹ̀. Mo gbé orí sókè. Mo ní, "Ìyàwó, ìgbà wo lo wọlé wá, tí o fi fẹ́ kọ́ ìyálé rẹ bí wọ́n ṣe ń dáná?" Mo sì tún un sọ lédè òyìnbó kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Doyin rọ orúnkún, ó ní kí n má bínú, ó padà sáyè rẹ̀, kò sì tún bá mi dá sí nǹkan kan mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wọn ì báà bí èèyàn sí Amẹ́ríkà, ilé ọkọ nilé ọkọ. Ìyá ọkọ wa ló kọ́ ọ lórí fóònù láti Ìbàdàn kó tó wọlé, ó sì gba ẹ̀kọ́ náà: kì í pè mí lórúkọ, kì í jókòó tí mo bá wà lórí ìdúró, kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Èmi alára tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, n kò mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ìyàwó.

Sátidé, 15 Fẹ́búárì

Pákó kejì. Mo lẹ tépù mọ́ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kí èéfín má baà ráàyè. Mo dín agbára iná kù, mo fi kún eré rẹ̀. Iná jó tépù mọ́ pákó. Èékánná ni mo fi ń ha á láti ọ̀sán títí Brian fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Abẹ́ tépù náà, dúdú ni. Pákó ti tún gbówó lórí ní ṣọ́ọ̀bù onípákó, ọkùnrin náà ní kí n dúpẹ́ pé òun ṣì rí i tà.

Mo ti wá rí nǹkan kan. Doyin ní agolo bisikíìtì kan, aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí àwọn ìyá wa máa ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí. Ó máa ń tètè dé. Kí n tó wọlé ó ti to pákó rẹ̀ tán, ó ti fi gèlè bo agolo náà. Kí ló wà níbẹ̀? Mo bi í pé, "Ìyàwó, oúnjẹ nìyẹn?" Ó ní, "Rárá mà." Ó dúró, ó ń wò mí, bí ẹni pé ó ku nǹkan tí mo fẹ́ bi í. Mo yíjú. Kò ní rí mi níbi tí mo ti ń tọrọ.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òótọ́ ni. Àkísà pákó ló kún abẹ́ ibùsùn mi.

Sátidé, 22 Fẹ́búárì

Mo fi ọgbọ́n bi Brian pé kí ló lè fà á tí ẹ̀yìn pákó fi ń jóná. Ó ní, "Irin ló ń dá iná padà sí i lára. Lọ bi àbúrò rẹ, ó ti rí ọgbọ́n kan dá sí i." Kí n lọ bi í! Ó tilẹ̀ rọrùn fún mi jù kí n mu omi òkun.

Lékè wá lọ́sàn-án láti bá wa gbé pákó. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí ohùn kan ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní, "Rárá o, àfi tíì àárọ̀."

Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí i pé ìyàwó rẹ̀ ló ń bi. Ohùn Súnkànmí ni Ọlọ́run gbé wọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí wọ́n ṣe ń fa "jẹun" yẹn gùn, àwọn méjèèjì. Ojú tì wá. Lékè gé búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Mo ní, "Ẹ ṣé, Akọ̀wé," nítorí orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn nígbà tí mo wọlé wọn, mi ò lè máa la orúkọ ọmọ ọkọ mọ́lẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Doyin ń nu ìyẹ̀fun pákó kúrò ní èjìká ọkọ rẹ̀. Kò tiẹ̀ ronú sí i, ó kàn ń nù ún ni.

Ó ní ọwọ́ tó mọ́, ó tún ní ẹni tó ń bi í bóyá ó ti jẹun.

Sátidé, 1 Máàṣì

Lónìí mo jí dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Inú òtútù ni mo dúró sí títí Brian fi wá ṣílẹ̀kùn. Doyin dé, ó rí mi, ó kí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan rẹ̀ lójú mi. Ìṣó ni! Ìṣó gígùn lásán ló wà nínú agolo, pẹ̀lú òòfà róbótó-róbótó. Ó lẹ òòfà mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìdí ìṣó lé òòfà, ẹnu ìṣó wá kọjú sókè. Ó to wọn káàkiri, ó wá gbé pákó lé ẹnu wọn. Pákó náà dúró lófuurufú, kò fara kan irin rárá.

Ṣé bẹ́ẹ̀ lásán náà ló rí?

Ó wá fi agolo náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi gan-an, ó ní òun ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ débi tí mo fi mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: ẹ wò ó, ohun tí ẹ ò mọ̀ rèé. N kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo kọjú sí ògiri títí ó fi dé.

Mọ́ńdè, 3 Máàṣì

Mo ra ìṣó, mo ra òòfà kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ìyá arúgbó òyìnbó tí mò ń tọ́jú bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ìṣó tó pọ̀ tó yẹn ṣe. Mo ní àgbélébùú ni mo fẹ́ kàn. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ọjọ́rú Eléérú, 5 Máàṣì

Eérú ló wà níwájú orí mi, eérú ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo to ìṣó bí mo ṣe rí i tó ń tò ó. Ó dà bí ẹni pé mo tò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣó tí mo rà ò dọ́gba, pákó náà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, n kò sì fura. Ibi tó ga, iná jẹ ẹ́ jù. Ibi tó rẹlẹ̀, iná ò la á já. N kò sì rántí pé tí pákó bá ti gòkè, ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ wá gbá etí pákó, ó wọ́ ọ lọ, ìṣó ń ṣubú wọ́lẹ̀ kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀. Brian sáré wá, ó pa iná ẹ̀rọ, ó pariwo mọ́ mi. Èmi! Ní ọjọ́ orí mi!

Doyin wà ní ìdí tábìlì kejì. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ó gbé ẹsẹ̀ kan bí ẹni fẹ́ wá, ó tún dúró. Ó wo ojú mi, ó sì wo ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ní àánú, ṣé kò ní lanu sọ̀rọ̀? Ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń sọ tẹnu wọn fún olùkọ́, fún dókítà, fún ọlọ́pàá! Tèmi nìkan ni ẹnu rẹ̀ ń wúwo sí. Kò fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Pákó kẹta ti bàjẹ́.

Sátidé, 8 Máàṣì

Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì Solomon pè mí. Ó kí mi títí, ó bi mí léèrè Ọlá ní yunifásítì, ó bi mí léèrè orúnkún mi. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀.

"Ìyá Ọlá, ìgbìmọ̀ jókòó lánàá. A wo àwọn pákó yẹn. A wá rò ó pé, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè bá ara wọn mu, bí ẹ bá gbà, kí ìyàwó yín kékeré bá wa gé èyí tó wà láàrin."

Mo ní, "Èyí tó ní orúkọ ọkọ mi."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Kó lè dára fún un ni."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí ibùsùn tí èmi àti Súnkànmí ń sùn lé. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò lè wẹ ara rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ń gé èékánná rẹ̀. Wọ́n wá ní kí ẹlòmíràn gé orúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn pákó! Orí mi gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣí wíńdò, afẹ́fẹ́ òkè ilé gíga Co-op City tí mò ń gbé yìí fẹ́ gbé mi lọ.

Sọ́ńdè, 9 Máàṣì

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Sátidé, 15 Máàṣì

Mo gbé e. Agolo náà. Doyin lọ fọwọ́, mo ti í sínú báàgì mi, mo fi síkáàfù bò ó, mo ní orúnkún ń dùn mí, mo bọ́ síta. Mo gbá báàgì náà mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi délé.

Ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́. "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí agolo kan, ó búlúù?"

Mo ní, "Agolo wo?"

Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu mà. Bóyá inú ọkọ̀ ló wà."

Orí fíríìjì mi ló wà. Mò ń wò ó bí mo ṣe ń kọ èyí.

Túsìdè, 18 Máàṣì

Lékè pè. Ó ní Doyin gé pákó rẹ̀ tó kù lánàá láìsí ìṣó, nítorí ọjọ́ ń lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jóná. Ó ní ó sunkún títí wọ́n fi délé, pé òun ló fi àìbìkítà sọ agolo nù, pé Bùọ̀dá Súnkànmí ò ní dárí jì òun. Lékè ní, "Ìyá Ọlá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, tiyín ló máa ń gbọ́."

Kí n má purọ́: inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí mo fi bu omi mu. Mo wá gbé ìrẹsì kalẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́. Ó ń sunkún nítorí ọkọ mi. Òun náà! Ta ló ní kó máa sunkún ọkọ mi?

N kò bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kí Lékè kí i.

Sátidé, 22 Máàṣì

Mo ṣí agolo náà ní àárọ̀ yìí, mo da ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì. Ìṣó ti Doyin ti dúdú lẹ́nu nítorí iná. Ó ti gé gbogbo wọn dọ́gba, ó ti pọ́n ẹnu wọn. Lábẹ́ wọn ni mo ti rí àwọn mìíràn tó fi rọ́bà dì, tuntun, iná ò kàn wọ́n rí. Àwọn náà dọ́gba, wọ́n ti pọ́n wọn. Òòfà tiwọn wà lọ́tọ̀. Kí ló fẹ́ fi méjì ṣe? Pákó kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń gbà.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo bi Brian. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo fi bi í. Mo ní, "Kí ni Doyin ń fi ìṣó ọ̀nà méjì ṣe?"

Brian gbé ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti ògiri. Ó ní, "Níbo lo ti rí ọ̀nà méjì? Agolo yẹn ti sọ nù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Mo ti tú àṣírí ara mi.

Kò pariwo mọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Tìrẹ ni ìkejì. Láti Fẹ́búárì ló ti ń jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ń pọ́n wọn. Mo ní kó kàn gbé e fún ọ. Ó ní rárá, pé ìyá ọkọ òun sọ fún òun pé èèyàn kì í kọ́ ẹni tó bá nílé ọkọ, àfi tí ẹni náà bá bi í ni kó tó lanu. Ó ní òun gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, o sì bá òun wí. Mo ní òmùgọ̀ nìyẹn. Ó bínú sí mi. Ó ní kì í ṣe òmùgọ̀, pé ẹbí nìyẹn." Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Gbé agolo yẹn padà wá."

Mo padà sílé. Kí n sọ òótọ́ ohun tó wà nínú mi? Kì í ṣe ìtìjú ló kọ́kọ́ dé, ìbínú ni. Ó fi ọwọ́ ṣẹ́gun mi. Ó ní ọkọ láàyè. Ó tún wá fi ìwà ṣẹ́gun mi! Kí ló ṣẹ́kù fún mi tí màá fi jẹ́ ìyálé rẹ̀? Ìtìjú wá dé lẹ́yìn náà, ó sì jókòó tì mí di àṣálẹ́.

Sátidé, 29 Máàṣì

Òjò. Mo ti to irọ́ méjì sẹ́nu nínú bọ́ọ̀sì: èkíní, abẹ́ tábìlì ni mo ti rí i, èkejì, ó ṣèèṣì bọ́ sínú báàgì mi ni. Nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, n kò rí èyíkéyìí lò. Mo gbé agolo náà fún un. Mo ní, "Èmi ni mo gbé e, Doyin. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e ni."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀bùn ni. "Ẹ ṣé, Ìyálé mi."

Ìyẹn tún fẹ́ bí mi nínú! Mo ní, "Dìde jọ̀ọ́, má kúnlẹ̀ fún olè." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀, tèmi náà ò jìnnà. Mo ní, "Kọ́ mi."

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ìyá ọkọ wa ń bọ̀ láti Ìbàdàn. "Ẹ ní kí n...?"

"Mo ní kí o kọ́ mi. Mo bi ọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, àfi tí mo bá bi ọ́? Ó yá, mo ti bi ọ́."

Háà, Doyin! Omi tí wọ́n sé mọ́lẹ̀ láti Fẹ́búárì ló ya. Ó ní ẹ má gbé ìṣó sí ojú ọ̀nà tí iná máa gbà, ẹ wo àwòrán kí ẹ tó tò ó. Ó ní gbogbo ibi tó máa já bọ́ gbọ́dọ̀ ní ìṣó tiẹ̀ lábẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí iná ò bá tíì jẹ ẹ́ tán, ẹnu ẹ̀rọ á gbá a. Ó ní bí ìṣó bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ tó. Ó ní kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí abẹ́ pákó gbà, èéfín á bá a lọ. Ẹ, ẹ, ẹ, kò fi ìgbà kan pè mí ní ìwọ, nígbà tó ń já ìṣó gbà lọ́wọ́ mi pàápàá. Mo ní, "Ìyàwó, rọra, ìyálé rẹ ti dàgbà." Ó ní, "Ẹ ò dàgbà mà, ẹ kàn le lórí ni." Ó tún bo ẹnu rẹ̀ kíá. Mo rẹ́rìn-ín débi tí Brian fi yọjú.

Ọjọ́bọ̀, 3 Épírìlì

A tún gbogbo èyí tó jóná gé láàrin ọ̀sẹ̀, tèmi àti èyí tí mo bà jẹ́ fún un. Mo pe Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì. Mo ní èmi ni mo máa gé ti àárín. Ó ní, "Ìyá Ọlá, ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n wá wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Sátidé, 5 Épírìlì

Mo gé orúkọ ọkọ mi lónìí.

Èmi ni mo to ìṣó. Mo to ti A, mo to ti N, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣó tó máa gbà á nígbà tí iná bá ti yí i ká tán. Doyin dúró, ó di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ó má baà bá mi ṣe é. Mo rí i tí ọwọ́ ń yún un. Mo ní, "Má fọwọ́ kàn án o." Ó ní, "Mi ò fọwọ́ kàn án mà!"

Mo tẹ bọ́tìnnì. Iná ń lọ, èéfín ń gba abẹ́ jáde. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gé tán, ó rọra sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó jókòó sórí ìṣó tirẹ̀. Kò sí èyí tó dà. Nígbà tó parí, n kò kọ́kọ́ yí i padà. Mo ní kí Doyin yí i. Ó ní rárá, ó kọ̀ délẹ̀. Mo wá yí i fúnra mi.

Ó mọ́. Ó mọ́ láti igun dé igun. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, kò sí èéfín kankan lọ́wọ́ mi. Súnkànmí, lápá iwájú. Lẹ́yìn, bí mo ṣe gbé e sókè sí wíńdò, ìmọ́lẹ̀ gba inú orúkọ rẹ̀ wọlé.

Lékè dé láti wá gbé e. Ó rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún bí ọmọ kékeré. Doyin gbá a mú, ó gbé orí rẹ̀ sí èjìká. Mo di pákó mi mú, mò ń wò wọ́n. Mo jowú. Kì í ṣe nítorí pákó mọ́, n kò sì mọ ẹni tí màá bi léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn.

Sọ́ńdè Ọ̀pẹ, 13 Épírìlì

Wọ́n yà á sí mímọ́. Oòrùn ràn. Àwọn akọrin ń wo ẹ̀yìn, ìjọ ń wo iwájú, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni iwájú.

Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì wo ẹ̀yìn pákó àárín, ó rò pé mo ti yí ọkàn padà; ó dúró, ó ní kí a pàtẹ́wọ́ fún Doyin fún ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́, pàápàá jù lọ ti pákó àárín. Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ kí Doyin tó dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Rárá sà. Ìyálé mi ló gé e. Èmi ò fọwọ́ kàn án." Gbogbo ojú yí sí mi. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì ya ẹnu, ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Ìyá Ọlá! Ẹ ṣì ń jóná lẹ́yìn ní oṣù Fẹ́búárì! Ta ló kọ́ yín?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Doyin ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín bíi tiwọn, kò retí ohunkóhun.

Ó wà lẹ́nu mi. Ọlọ́run mọ̀ pé ó ti dé orí ahọ́n mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, orúkọ kan. Mo wo Mercy, mo wo gbogbo Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá nínú aṣọ funfun wọn, mo sì gbọ́ tí mo ní, "Ọlọ́run ló kọ́ mi."

Gbogbo ilé pariwo halelúyà. Mo gbọ́ ti Doyin láàrin wọn, ohùn Brooklyn yẹn tí kò lókè tí kò nísàlẹ̀. Òun ló pariwo jù. N kò lè gbé ojú mi sókè wo pákó náà títí ìsìn fi parí.

Mọ́ńdè, 14 Épírìlì

N kò sùn dáadáa. Mo pe Mercy kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá, irọ́ ni. Doyin ló kọ́ mi. Mo tún jí irinṣẹ́ rẹ̀ gbé kí n tó jẹ́ kó kọ́ mi."

Mercy ní, "Ẹ dúró. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n jókòó. Irinṣẹ́ wo?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí agolo dé orí fíríìjì. Ó ń ṣe "hẹ̀ẹ́, hẹ̀ẹ́." Nígbà tí mo parí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Ọlá, ẹ fọkàn balẹ̀. Láàrin èmi àti ẹ̀yin ni. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Mo ní, "Mercy, mo ti mọ ẹnu rẹ fún ogún ọdún. Ìdí tí mo fi pè ọ́ gan-an nìyẹn."